Ìwé tí kóòtù ìbílẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, àti ìgbéyàwó tó ṣì wà nílẹ̀

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti gé lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ ohun tó lè mú kí wọ́n dá ẹni tó kọ ọ́ mọ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa lọ́yà. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági tuntun n’Íbàdàn. Ọdún 2012 ni èmi àti ọkọ mi ṣègbéyàwó. Ọjọ́bọ̀ la lọ sí rẹ́jísìrì ìjọba ìbílẹ̀, a sì ṣe ìdána nílé bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ mi kó jáde nílé, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Lọ́dún tó kọjá, akódà mú ìwé wá láti kóòtù ìbílẹ̀ kan. Mo lọ. Nígbà kẹta tí a débẹ̀, wọ́n tú wa ká. Wọ́n ní kí ìbejì wà lọ́dọ̀ mi, kí bàbá wọn máa mú owó oúnjẹ wá. Oṣù méjì péré ló mú un wá. Ó ti gbé ẹlòmíì sílé. Èmi náà ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, ó ní ká lọ sí rẹ́jísìrì, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ fún mi pé ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kò tó. Lọ́yà kan wá ní òun á parí gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ọkọ mi ò tiẹ̀ ní gbọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ilé tí a jọ kọ́ ní Ológúnẹ́rú wá ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á bá wa wo ìbejì. Ẹni tó sọ fún yín pé ìwé yẹn kò tó, òótọ́ ló sọ. Lójú òfin Nàìjíríà, ìyàwó ọkọ yín lẹ ṣì jẹ́ títí di òwúrọ̀ òní, bí kóòtù tilẹ̀ ti ní kí oníkálukú máa lọ, bí òun náà tilẹ̀ ti gbé ẹlòmíì wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dùn yín, torí ẹ ti sunkún, ẹ ti náwó, ẹ sì ti gbà lọ́kàn yín pé ó ti parí. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ó ti wọ́ hàn yín ná, ká tó sọ ti lọ́yà.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pé òun fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya òun sílẹ̀, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ṣe. Inú máa ń bí àwọn mìíràn. Ẹ̀sùn ni wọ́n gbé wá, èmi ń béèrè fọ́tò ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí a ti so okùn ló ń sọ ẹni tó lè tú u. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan ni, tí ẹbí tọrọ ọmọ, tí wọ́n san owó orí, kódà kí ẹbí ìyàwó dá owó náà padà lójú agbo pé àwọn ò ta ọmọ, kóòtù ìbílẹ̀ ló ni ẹjọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ yìgì ni wọ́n so, ìlànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí ni wọ́n á tẹ̀ lé, pẹ̀lú ààfáà àti àwọn alárinà ẹbí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ alárédè, ìyẹn ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin, Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970 ló fi í síbẹ̀, kò sì tíì yí padà.

Ẹ lọ wo inú àpótí tí ẹ ń kó ìwé sí. Bí ẹ bá rí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí wọ́n kọ “Form E” sí, alárédè nìyẹn. Tiyín, Ọjọ́bọ̀ yẹn ló dá a. Ìdána ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ayé wá jẹun níbẹ̀, tí ẹ ti wọ aṣọ òkè, òun lẹ rántí jù. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ fi fọwọ́ síwèé níwájú rẹ́jísìtírà àti ẹlẹ́rìí méjì, òun ló gba kọ́kọ́rọ́ ìgbéyàwó yín kúrò lọ́wọ́ kóòtù ìbílẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù tí ìwé ọdún tó kọjá lè fọwọ́ kàn ni ìdána.

Ẹ má bínú sí ara yín. Àìmọye èèyàn ló ti ṣe irú àṣìṣe yìí, ohun tó sì ń fà á kò ṣòro láti rí. Kóòtù ìbílẹ̀ kò jìnnà sílé, owó rẹ̀ kò pọ̀, èdè wa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èèyàn sì lè dá sọ̀rọ̀ láìgba lọ́yà. Ẹni tó pẹjọ́ á ní ìdána làwọn ṣe, ẹni tí wọ́n pè kò mọ̀ pé ó yẹ kóun mẹ́nu ba rẹ́jísìrì, ẹjọ́ á sì máa lọ. Ọdún á gorí ọdún kí ohun kan tó tú àṣírí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì, bíi tiyín. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ kú, tí obìnrin méjì wá dúró níwájú báńkì, tí ọ̀kan mú Form E jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó kù láti ṣe. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní petition ni lọ́yà yín máa kọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ìdí kan ṣoṣo ni òfin náà mọ̀ fún ìkọ̀sílẹ̀: pé ìgbéyàwó ti fọ́ débi tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa tó wà ní London pé àwọn kàn kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ó ti fọ́ ni, ó sì tán. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ wọn láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Níbí, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ láti fi hàn án sì ju mẹ́fà lọ. Lára wọn ni àgbèrè tí ẹnì kejì kò lè fara dà. Ìwà tí kò ṣeé bá gbé. Kí ẹnì kan pa ìkejì tì fún ọdún kan ó kéré tán. Kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì, tí olùjẹ́jọ́ kò sì ta ko ìkọ̀sílẹ̀. Tàbí kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ọkọ yín ti kó jáde, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Tí ọdún mẹ́ta bá ti pé láìdáwọ́dúró kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, yálà ó gbà tàbí kò gbà, ọ̀nà ti là fún yín. Mo mọ̀ pé ọkàn yín ń fà sí ti obìnrin tó gbé wọlé. Ẹ fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àgbèrè sùn ún, tí ẹ dárúkọ obìnrin náà, òfin ní kí wọ́n fi òun náà kún ẹjọ́, á di pé kí akódà lọ bá a, á gba lọ́yà tirẹ̀, á fèsì, ìjà ẹni méjì á wá di tẹni mẹ́ta. Ìbejì á dàgbà, wọ́n á sì ka ìwé yẹn lọ́jọ́ kan. Níbi tí kàlẹ́ńdà nìkan ti tó ẹ̀rí, mi ò rí ohun tí a fẹ́ fi ẹrẹ̀ ṣe.

Kí lọ́yà tó fi ìwé yín sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kan pé òun ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe lè parí ìjà. Ẹ ò ní láti padà sílé ọkọ. Òfin kàn fẹ́ kó dáni lójú pé ẹnì kan béèrè ni. Bí lọ́yà kò bá bi yín rárá, tó kàn ní kí ẹ fọwọ́ síbí, ẹ ti rí nǹkan kan mọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni akódà á mú ìwé lọ fún ọkọ yín, lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé irọ́ ni ti “ọkọ yín ò ní gbọ́”. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí wọn ò bá rí i, lọ́yà á tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ láti gbé ìwé náà gba ọ̀nà mìíràn, bíi kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀kùn ibi tó ń gbé. Àwọn lọ́yà kan wà tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ ará Ìbàdàn lọ sí ìpínlẹ̀ tó jìnnà, torí òfin náà gbà kí èèyàn pẹjọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé àwọn wá olùjẹ́jọ́ tì. Ìdájọ́ tí a bá fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbà, ọjọ́ tí ọkọ bá gbọ́ ló lè lọ ní kí wọ́n wọ́gi lé e. Ẹ ti ní ìwé kan lọ́wọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ fowó ra ìkejì.

Oṣù mẹ́ta tó dá yẹn ńkọ́? Òfin fúnra rẹ̀ ló já a nírọ́. Bí adájọ́ bá gbọ́ tẹnu yín, tí ó gbà pé ìgbéyàwó ti fọ́, ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni á fún yín, èyí tí à ń pè ní decree nisi. Ẹ kò tíì lómìnira lọ́jọ́ yẹn. Ó di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó di decree absolute, ìyẹn ìdájọ́ ìkẹyìn tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá, àfi tí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì tó fi gé e kúrú. Ẹ wò ó, oṣù mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn ń sọ, lẹ́yìn ìdájọ́ ló yẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á! Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, bí ìbejì yín, nisi kò ní di absolute títí adájọ́ yóò fi sọ pé ètò ìtọ́jú wọn tẹ́ òun lọ́rùn. Nínú iṣẹ́ mi, mo ti rí èyí tó parí láàárín oṣù mẹ́jọ nígbà tí ọkọ kò jà, mo sì ti rí èyí tó gba ọdún márùn-ún.

Nípa ìbejì, ohun tó máa ṣe wọ́n lóore ni adájọ́ á wò ṣáájú ohun gbogbo, ṣáájú ọ̀rọ̀ pé bàbá ló lọmọ. Òfin 1970 sọ bẹ́ẹ̀, Child’s Rights Act ti 2003 sọ bẹ́ẹ̀. Kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú petition pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, àti iye tí bàbá wọn máa san lórí owó ilé ìwé, oúnjẹ àti ìwòsàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Adájọ́ kò ní fọkàn gbé iye owó táìsì tó ń gbé ọmọ lọ ilé ìwé. Ẹ sì lè tọrọ àṣẹ ìgbà díẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀ ń dúró de ìdájọ́ nígbà tí wọ́n ń lé wọn jáde ní kíláàsì.

Ilé Ológúnẹ́rú ló gbà mí lọ́kàn jù. Kò sí òfin ìdajì-ìdajì nílẹ̀ wa. Òfin fún adájọ́ lágbára láti pín dúkìá bí ó bá ṣe rí i pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn adájọ́ ń wò jù ni ohun tí oníkálukú dá síbẹ̀, tó sì lè fi hàn. “A jọ kọ́ ọ ni” kò tó. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, oúnjẹ ló ń tà. Ó ní òun ò ní ẹ̀rí kankan. Mo ní kó lọ tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó padà wá pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan. Ìwé àjọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, epo ti ta sí èèpo rẹ̀, alájọ fi bírò pupa fa igi lójoojúmọ́, ó sì kọ “ó ti kó” sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Rìsíìtì páànù wà níbẹ̀, orúkọ obìnrin náà ni wọ́n kọ sí i. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín ọjọ́ tó kó àjọ àti ọjọ́ tí wọ́n ra páànù. Mo rí bí adájọ́ ṣe ń wo ìwé kan, tó tún ń wo ìkejì, tó sì mú bírò. Kò béèrè nǹkan kan mọ́ lórí òrùlé yẹn.

Torí náà, ẹ tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá rìsíìtì bílọ́ọ̀kù, símẹ́ǹtì, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọkọ yín tàbí ti bíríkìlà, fọ́tò tí ẹ ti dúró níbi ìpìlẹ̀. Ẹ lọ gba sítéétímẹ́ǹtì ní báńkì. Bó bá wà lórí WhatsApp tí ọkọ yín kọ “mo ti rí owó símẹ́ǹtì tí o fi ránṣẹ́”, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì pààrọ̀ fóònù. Lọ́yà á tẹ̀ ẹ́ jáde, á sì so ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin Evidence Act 2011 béèrè mọ́ ọn, torí láìsí i, wọ́n lè dà á nù. Bíríkìlà náà ṣì lè wá jẹ́rìí, bí ẹ bá mọ ibi tó wà.

Ti lọ́yà ló kù. Ẹ má gba ẹni tó bá yín pàdé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti bá ṣe irú ẹjọ́ yìí rí. Gbogbo lọ́yà tòótọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ẹ sì lè béèrè ní ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, n’Íbàdàn bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ NBA gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tó bá fi sílẹ̀ ní kóòtù. Ẹ bi í pé petition mélòó ló ti ṣe dé orí absolute. Lọ́yà ilẹ̀ tó mọṣẹ́ dunjú lè má mọ ti ìgbéyàwó. Ẹ bi í pé ṣé òun gan-an ló máa dìde dúró níwájú adájọ́, àbí ọmọ iṣẹ́ kan tí ẹ ò rí rí. Kó kọ owó sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: owó iṣẹ́ rẹ̀, owó tí kóòtù ń gbà, owó akódà, àti bóyá ó máa gbowó nígbàkígbà tó bá lọ sí kóòtù. Ibi tí ìjà lọ́yà àti oníbàárà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, “mo rò pé mo ti san gbogbo ẹ̀”. Ẹ gba rìsíìtì.

Bí ọkọ yín bá ní kí ẹ jọ lo lọ́yà kan ṣoṣo kó lè dínwó, ẹ má gbà. Ẹ lè jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọmọ àti ilé, ìyẹn dáa púpọ̀, ó sì ń dín owó kù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè gba ẹni méjì nímọ̀ràn lórí ilé kan ṣoṣo. Bí owó bá sì ni ìṣòro, ẹ lọ sọ́dọ̀ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1964. Wọ́n ń gba ẹjọ́ obìnrin àti ọmọdé tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹ tún béèrè ní ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fi lọ́yà ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà tó pọ̀, ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi jókòó sínú ìgbéyàwó tó ti kú nìyẹn. Èmi ti rí tọkọtaya tó ti kóòtù dé, tí wọ́n jọ jókòó síwájú níbi ìkẹ́kọ̀ọ́yege ọmọ wọn, tí ọkùnrin náà sì gbé omi fún ìyá ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ sínú petition ló ń pinnu ìyẹn. Ẹ bá mi ṣọ́ ohun tí ẹ máa jẹ́ kí wọ́n kọ.

Ti ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ yín. Èyí lẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n òun ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá bá a lọ sí rẹ́jísìrì báyìí, ìgbéyàwó yẹn kò ní í fìdí múlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Abala 370 nínú Criminal Code sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni fún ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíì nígbà tí alárédè àkọ́kọ́ ṣì wà. Bí nǹkan kan bá sì ti wà láàárín yín, nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti dòmìnira, ẹ sọ fún lọ́yà yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fi pamọ́. Òfin béèrè pé kí ẹni tó pẹjọ́ sọ irú rẹ̀ fún kóòtù nínú ìwé kan tí à ń pè ní discretion statement, adájọ́ sì lè fojú àánú wò ó kí ó fún yín ní ohun tí ẹ wá. Bó bá jẹ́ lẹ́nu lọ́yà ọkọ yín ni adájọ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Òótọ́ tí ẹ bá sọ fún lọ́yà yín, kò gbọ́dọ̀ gbé e jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín.

Ẹ sọ fún ọkùnrin náà kó dúró. Ẹ ní lọ́yà àgbà kan ló ní kó dúró, títí ìwé tí wọ́n kọ “decree absolute” sí, tí òǹtẹ̀ Ilé-ẹjọ́ Gíga wà lórí rẹ̀, á fi wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ yẹn, kó sin yín dé rẹ́jísìrì.